"Ẹṣin Léégún Ilé Wọn": Kí Ni Wọ́n Ń Sọ Ní Ìlọrin Bí Iléyá Bá Dé?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé kan tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta, tó fẹ́ ọmọ Ìlọrin. Ó ní bí Iléyá bá ti ń kanlẹ̀kùn, ìyá ọkọ òun a máa sọ pé, "Àwa ò léégún o, ẹṣin léégún ilé wa." Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òwe ni, tàbí wọ́n fi ń bú àwọn tó ń ṣe eégún nílé bàbá tiẹ̀. Ó tún béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe Iléyá ní "ọdún" lásán, bí ẹni pé kò sí ọdún mìíràn láyé.

Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Kì í ṣe èébú rárá. Oríkì ìlú ni ìyá ọkọ yín ń kì. Ibi tí wọ́n ti mú un nìyí:

Ìlọrin Afọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀,
Ìlú tó tóbi tó yìí, wọn ò léégún rárá,
Ẹṣin léégún ilé wọn,
Ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà, nítorí kì í ṣe Ìlọrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀fà tó wà ní gúúsù wa náà ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń ki ọmọ Ọlọ́fà, wọ́n á ní, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ìyẹn kó rò pé ìjàkadì nìkan ni wọ́n ní l'Ọ́fà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ọjọ́ ńlá bá dé, tí tọmọdé tàgbà bá jáde, ìjàkadì ni wọ́n fi ń dá ọmọ Ọ̀fà mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹṣin ṣe jẹ́ fún Ìlọrin. Ọ̀wọ̀ àti ìdùnnú tí ìlú mìíràn ń fún eégún lọ́jọ́ ọdún, ẹṣin ni Ìlọrin ń fún.

Kí ló gbé ẹṣin dé ipò yẹn? Ogun ni. Àgọ́ ogun Afọ̀njá, Àrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò Ọ̀yọ́, ni Ìlọrin nígbà tó di ìlú olókìkí. Afọ̀njá kì í ṣe mùsùlùmí, ṣùgbọ́n òun ló ránṣẹ́ pe Áfáà Àlímì, onímọ̀ ẹ̀sìn tó jẹ́ Fúlàní, pé kó wá fi àdúrà ti òun lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ṣe sí Ọ̀yọ́ ní 1817, ọ̀pọ̀ ẹrú tí wọ́n ti ilẹ̀ Haúsá kó wá sí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sá wá bá wọn, wọ́n sì di ọmọ ogun tí à ń pè ní jàmáà. Nínú àwọn ẹrú yẹn ni àwọn tó mọ ẹṣin í tọ́jú wà. Nígbà tó yá, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa Afọ̀njá ní nǹkan bí 1824, ọmọ Àlímì tó ń jẹ́ Abdulsalami sì di ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó wà lórí àpèrè títí di òní.

Láti ìgbà náà, orí ẹṣin ni Ìlọrin ti ń jagun. Nínú ọ̀dàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó lè dúró níwájú wọn. Inú igbó ló ṣòro fún wọn, nítorí igi kì í jẹ́ kí ẹṣin sáré, eṣinṣin ibẹ̀ sì máa ń kó àrùn ran ẹṣin. Ní 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo, ìrìnàjò wọn sí gúúsù sì dúró síbẹ̀. Ogun ti tán tipẹ́, ẹṣin kò kúrò láàfin. Ọjọ́ ọdún ló kù tí à ń rí i dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí, nítorí ẹni tí kò bá tíì rí i kò lè mọ ìdí tí ìyá yín fi ń fi í yangàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun ní Yídì, tí wọ́n ti pa àgbò, tí ara ti rọlẹ̀ díẹ̀, ni Durbar máa ń wáyé. Àwọn ẹlẹ́ṣin á tò láti ilé Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkòbí àti Àlànámú, tàwọn ti ìlùkílù wọn. Gàárì á máa dán, ìjánu á máa hó nítorí itọ́ ẹṣin. Ẹlẹ́ṣin á wọ àlùkìńbà, á wé láwàní bo ẹnu àti imú, ojú nìkan ni ẹ máa rí. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé iwájú Ọba, wọ́n á tú ẹṣin sílẹ̀, á sáré bí ẹni tí kò ní dúró mọ́, ilẹ̀ á máa mì. Nígbà tí ọkàn yín bá ti fẹ́ já, wọ́n á fa ìjánu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹṣin á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ẹlẹ́ṣin á na ọwọ́ kí Ọba. Ariwo tó máa sọ níbẹ̀, ohun kan náà ni pẹ̀lú ariwo tí wọ́n ń pa bí eégún ńlá bá já wọ ọjà.

Èmi gbà pé ibi tí ẹṣin àti eégún ti yàtọ̀ ló dùn jù nínú oríkì yìí. Ará ọ̀run ni eégún. Bí ẹ tilẹ̀ mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, ẹ ò gbọdọ̀ dá orúkọ rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ní tiẹ̀, bó tilẹ̀ bo ẹnu, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo èrò ń pè. Onílù á ki bàbá rẹ̀, á ki bàbá bàbá rẹ̀, àwọn obìnrin agboolé wọn á máa yìn ín láti ojú pópó. Eégún ń mú òkú ilé wá sáàárín alààyè. Ẹṣin ń gbé alààyè ilé sókè kí gbogbo ìlú lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbólóhùn kejì, "Ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀." Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun ni o. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ ọ́ sórí WhatsApp láìfi àmì ohùn sí i ló ń kà á bí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe Orò, bí ọjọ́ bá pé, obìnrin kì í jáde. Oríkì ní ọ̀kọ̀ ni Orò tiwọn, gbangba sì ni ọ̀kọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ yín fi lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ọdún tí obìnrin lè dúró síwájú láti wò ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo Kwara ni kò léégún. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ máa bá eégún níbẹ̀, nínú ilé kan náà tí wọ́n ti ń pa àgbò Iléyá, tí wọ́n tún ń se ìrẹsì Kérésì. Ní Ìlọrin gan-an, ohùn eégún kò kú tán. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí dadakúàdá, orin tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú fi gbajúmọ̀, sọ pé ó tan mọ́ ìwì eégún. Aṣọ eégún ni wọ́n bọ́ sílẹ̀, ohùn ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kejì. Lẹ́nu àwa ará Ìlọrin, "ọdún ńlá" ni Iléyá, "ọdún kékeré" sì ni Ìtúnu Ààwẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kàn sọ pé "mo ń bọ̀ wálé lọ́dún," láìsí àlàyé mìíràn, ti ńlá ló ń sọ. Ẹni tó wà l'Ékòó, ẹni tó wà ní Àbújá, ilé ti yá fún un nìyẹn. Ìgbà náà ni wọ́n ń so yìgì, tí wọ́n ń ṣe wòlímọ̀, tí wọ́n ń parí ìjà ogún. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń kà á, kì í dúró sójú kan: ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù Okúdù ni, ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 16, ní 2025, ọjọ́ 6. Bí ẹ bá bá a nínú òjò lọ́dún yìí, ẹ máa bá a nínú ọyẹ́ bó bá yá.

Ọ̀pọ̀ ló ń pe Ìtúnu bí ìtùnú tí à ń fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹnu tí a ti dè fún oṣù kan ni wọ́n tú, bí a ṣe ń sọ pé a ṣínu nírọ̀lẹ́. Mọ́lúdì, ìyẹn ọdún ìbí Ànọ́bì, ní tiẹ̀ kì í ní ọjọ́ kan pàtó lẹ́nu ará àdúgbò, mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ló ń mú ọjọ́ tiẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè "Mọ́lúdì ibo?" kí ẹ tó rán aṣọ.

Bí ìyá bá tún kì í létí yín, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì kí wọn pé, "Ẹ kú ọdún, mà, ẹ kú ìyèdún." Wọ́n á dá yín lóhùn pé, "Àṣèyí ṣàmọ́dún." Kí ẹ sì bẹ ọkọ yín pé kó má ṣe gbé yín padà lọ́jọ́ kejì Iléyá bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ dúró de Durbar, ẹ tètè débẹ̀, kí ẹ wá ibi tí ẹ máa dúró sí nítòsí ààfin kí èrò tó pọ̀.