Ọkọ mi kò dúró fún ọlọ́pàá, ó tún ní kí n fi orúkọ ara mi dí i: ìbéèrè àti ìdáhùn

ÌBÉÈRÈ: Assalaamu alaykum, Ààfáà wa. London ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọkọ mi ń fi mọ́tò kó ẹrù kiri ilé àwọn oníbàárà, láti àárọ̀ di òru. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, à ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, ó sì ń sáré. Ọlọ́pàá tan iná búlúù sí wa lẹ́yìn pé kí a dúró. Dípò kó dúró, ńṣe ló ya bàrá sí àdúgbò kan, ó paná mọ́tò, gbogbo wa jókòó sínú òkùnkùn, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn. Wọn ò tẹ̀ lé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọlọ́pàá ìlú yìí kì í lé èèyàn mọ́, wọn ò tó nǹkan, àti pé ìjọba wọn kì í ṣe ìjọba mùsùlùmí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Àṣé kámẹ́rà ojú títì ti ya wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Orúkọ mi ni ọkọ̀ wà, èmi ni wọ́n wá kọ lẹ́tà sí pé kí n sọ ẹni tó wakọ̀. Pọ́íǹtì mẹ́sàn-án, àmì ìjìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ ojú ọ̀nà, ti wà lórí láíséǹsì ọkọ mi. Bí mẹ́ta bá tún kún un, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ wa sì ni. Ó ní kí n kọ orúkọ ara mi, pé aya rere a máa gbọ́ràn sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì báyìí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé kò dúró? Ṣé kí n kọ orúkọ mi?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Arábìnrin mi, ẹ má kọ orúkọ yín síbẹ̀. Mo yára sọ èyí ná nítorí mo mọ̀ pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n máa ń fún èèyàn láti dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà, ọjọ́ sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bàbá àwọn ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀, pé ìjọba ibẹ̀ kì í ṣe ìjọba mùsùlùmí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Àwọn kan máa ń fi Suuratun-Nisaa'i, ẹsẹ 59, dá wọn lóhùn: ẹ tẹ̀lé Ọlọ́hun, ẹ tẹ̀lé Òjíṣẹ́, àti àwọn aláṣẹ nínú yín. Ọkọ yín á sì sọ pé "nínú yín" ni Ọlọ́hun wí. Èmi ò ní bá a jiyàn lórí ìyẹn rárá, nítorí ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ yìí dì sí. Ohun tó ṣáájú nínú Suuratul-Maa'idah ni pé: "Ẹ̀yin tí ẹ gbàgbọ́ ní òdodo, ẹ mú àwọn àdéhùn ṣẹ." Nínú Suuratul-Israa'i, ẹsẹ 34, Ọlọ́hun tún ní kí a mú àdéhùn ṣẹ, pé a ó bèèrè nípa àdéhùn. Kò sọ pé àdéhùn tí a bá mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa ṣe nìkan.

Ta ló fi okùn fa ọkọ yín lọ síbi tí wọ́n ti ń gba láíséǹsì? Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kàwé òfin ojú ọ̀nà, ló dáhùn ìbéèrè wọn, ló gbé olùdánwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, ló sì gba káàdì náà tayọ̀tayọ̀. Àdéhùn tó wà nínú káàdì yẹn ni pé bí ọlọ́pàá tó wọṣọ iṣẹ́ bá ní dúró, màá dúró. Òfin ojú ọ̀nà wọn ti ọdún 1988 kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni kí onímọ́tò má dúró. Káàdì yẹn ló fi ń jẹun. Kò lè máa jẹ oyin inú àdéhùn kó sì tutọ́ sí àdéhùn fúnra rẹ̀.

Bó bá ní àwọn kèfèrí ni a bá ṣe é, ẹ ka ìtàn Huzayfah ọmọ Yamaan fún un, inú hàdíìsì Muslim ló wà. Òun àti bàbá rẹ̀ ń lọ sí Mẹ̀dínà, àwọn Kùráéṣì mú wọn lọ́nà, wọ́n sì gba àdéhùn lọ́wọ́ wọn pé wọn ò ní bá Ànábì jà pọ̀. Ogun Bádírì ló kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí! Àwọn mùsùlùmí ò ju ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀ lọ, àwọn ọ̀tá tó ẹgbẹ̀rún. Ọkùnrin kan ṣoṣo wúlò lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ròyìn fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ní kí wọ́n yà kúrò lójú ogun, pé a ó mú àdéhùn wọn ṣẹ fún wọn, a ó sì wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun lé wọn lórí. Abọ̀rìṣà ni wọ́n, ogun ni wọ́n ń bọ̀ wá jà, àdéhùn wọn ṣì dúró. Mélòó mélòó ni ìlú tó gbà yín lálejò, tí ẹ ti ń kírun, tí àwọn ọmọ yín ń kàwé?

Nípa pé ọlọ́pàá ò tó nǹkan mọ́, òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́pàá ní England àti Wales fúnra wọn sọ nínú ìròyìn wọn pé àwọn ẹ̀ka ọlọ́pàá kan ti dẹwọ́ lórí iṣẹ́ ojú títì. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ ìdí mìíràn tí wọ́n fi ń jáwọ́ lẹ́yìn ẹni tó bá sá. Ọlọ́pàá tó ń lé ọkọ̀ ní láti máa ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀ lórí rédíò, bí ewu bá sì ti ju àǹfààní lọ, wọ́n á ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n ń ro ti ẹlẹ́sẹ̀ tó ń sọdá, wọ́n ń ro ti ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń lé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ọmọ yín ni wọ́n ṣàánú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ yín sì pe àánú náà ní àìlágbára.

Ká tiẹ̀ ní kò sí ọlọ́pàá kankan ní gbogbo London. Nígbà tí Jíbúrílù bi Ànábì léèrè ohun tí ń jẹ́ ìsáànù, ó ní kí o máa sin Ọlọ́hun bí ẹni pé o ń rí I, bí ìwọ ò bá tilẹ̀ rí I, dájúdájú Òun ń rí ọ. Iná mọ́tò ni ọkọ yín pa. Ǹjẹ́ ó lè fara pamọ́ fún Ọlọ́hun?

Mo mọ ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ìwà yìí. Ní ilé, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ dírẹ́bà, ọkàn èèyàn a wá mọ́ ọn lára pé sísá fún ọlọ́pàá ni ọgbọ́n. Mo lóye rẹ̀. Ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ nílé. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló bà yín, pé òru ni, tí ẹ ò dá ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn yín mọ̀, ìyẹn yàtọ̀: ẹ tan iná pàjáwìrì, ẹ rọra máa lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ àti èèyàn wà, ẹ pe 999 kí ẹ bi wọ́n bóyá ọlọ́pàá ni lóòótọ́. Ẹni tó rọra ń lọ kò sá. Ẹni tó paná mọ́tò ló sá.

Ti sáré àsápajúdé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí Ànábì ń kúrò ní Àráfà, ó gbọ́ ariwo lẹ́yìn, wọ́n ń lu ràkúnmí kí ó lè sáré. Ó nawọ́ pàṣán rẹ̀ sí wọn, ó ní: "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ fara balẹ̀, dáadáa kò sí nínú ìsáré." Ìjọ́sìn ni wọ́n ń sáré lọ ṣe o, ràkúnmí sì ni. Ní Britain, àwọn tó kú sójú ọ̀nà ní ọdún 2023 nìkan jẹ́ 1,624. Èmi náà ti wà lára àwọn tó wẹ òkú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ọkọ̀ gbá, tí ẹni tó wakọ̀ náà ò sì dúró. Bàtà ẹsẹ̀ kan ọmọ náà wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò gbé e sílẹ̀. Ìgbà tí a fẹ́ kírun sí òkú lára ni mo rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fíkíhì (òfin ẹ̀sìn Islam) àgbáyé tó pàdé ní Brunei ní ọdún 1993 fẹnu kò pé títẹ̀lé òfin ìrìnnà tí kò tako ṣẹríà jẹ́ ọ̀ranyàn, pé ẹni tó bá fi àìbìkítà pa èèyàn ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀. Owó ẹ̀mí wà lọ́rùn rẹ̀, bí kò bá sì rí ẹrú tú sílẹ̀, oṣù méjì ààwẹ̀ tó tẹ̀ léra wọn, gẹ́gẹ́ bí Suuratun-Nisaa'i, ẹsẹ 92, ṣe là á sílẹ̀.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù orí tábìlì. Abu Bakrah, ọ̀kan nínú àwọn sàábé (alábàárìn) Ànábì, sọ pé Ànábì rọ̀gbọ̀kú lọ́jọ́ kan, ó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù: ìbọ̀rìṣà, ìyájú sí òbí. Ló bá dìde jókòó dáadáa, ó ní: "Ẹ gbọ́ o, àti ẹ̀rí èké." Ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, títí àwọn sàábé fi ń rò ó pé ì bá dákẹ́. Ohun tó mú Ànábì dìde jókòó ni ọkọ yín ní kí ẹ fi bírò kọ. Ọlọ́hun sì sọ nínú Suuratun-Nisaa'i, ẹsẹ 135, pé kí a dúró ṣinṣin ti òdodo, kí a jẹ́ ẹlẹ́rìí nítorí Rẹ̀, kó tilẹ̀ jẹ́ lórí ara wa, tàbí àwọn òbí àti ìbátan.

Ìgbọ́ràn sí ọkọ ní ààlà. Ànábì ní kò sí ìgbọ́ràn nínú ẹ̀ṣẹ̀, inú dáadáa nìkan ni ìgbọ́ràn wà. Bí ẹ bá kọ̀ fún un, ẹ ò ṣàìgbọ́ràn sí Ọlọ́hun, ẹ ò sì di aya búburú. Ní ti ayé pàápàá, ẹ̀wọ̀n wà nínú irú irọ́ yìí. Chris Huhne, tó ti ṣe mínísítà ní ìlú yẹn, gbé pọ́íǹtì rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọra wọn sílẹ̀, adájọ́ rán tọkọtaya àná náà lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Bí ẹ bá sì kọ̀ láti dáhùn rárá, pọ́íǹtì mẹ́fà á wá sórí láíséǹsì tiyín, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Òótọ́ ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé.

Mi ò fojú di ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Láíséǹsì tó lọ fún oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun kékeré nílé tí ọmọ wà. Ẹ jẹ́ kó wá lọ́yà. Òfin wọn fún ẹni tí pọ́íǹtì rẹ̀ pé méjìlá láàyè láti ṣàlàyé ìnira tó pọ̀ jù fún adájọ́, wọ́n sì máa ń gbọ́ ti àwọn mìíràn. Ọ̀nà tó mọ́ nìyẹn, Ọlọ́hun sì ti ṣèlérí nínú Suuratut-Talaaq pé ẹni tó bá bẹ̀rù Òun, Òun yóò ṣe ọ̀nà àbáyọ fún un, Òun yóò sì pèsè fún un níbi tí kò lérò. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó má wakọ̀ o, nítorí ìnṣọ́ránsì ò ní bo ẹni tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láíséǹsì rẹ̀.

Ìrun rẹ̀ ò bàjẹ́ nítorí ohun tó ṣe. Kó tọrọ àforíjì, kó kábàámọ̀, kó pinnu pé òun ò ní ṣe é mọ́. Kó sì bá àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà sọ̀rọ̀, kó sọ fún wọn lẹ́nu ara rẹ̀ pé ohun tí bàbá ṣe kò dára. Wọ́n rí i, wọ́n sì gbọ́ ẹ̀rín tó rín.

Bó bá fẹ́ ká jọ sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, kó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọjọ́ Àlàmísì. Mi ò ní pariwo mọ́ ọn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.