Ẹsẹ̀ Tó Rọ́: Okùn Wo Ló Bàjẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Mo já wọ gọ́tà ní Bẹẹrẹ lánàá, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì yí sínú. Ó ti wú, àmọ́ mo ṣì ń rìn. Ṣé iṣan ló já? Ṣé kí n fi omi gbígbóná wọ́ ọ? – Ìyá aláṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Oríṣi okùn méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan so eegun mọ́ eegun kí oríkèé má baà yẹ̀. Ìkejì so ẹran ara mọ́ eegun. Ẹ fọwọ́ kan òkè gìgísẹ̀ yín lẹ́yìn: okùn líle yẹn jẹ́ irú kejì. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá sún kì, á fà á, gìgísẹ̀ á gbéra, bí ìgbà tí ẹ bá ń nàgà mú igbá lórí àjà.

Ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́ bí ẹsẹ̀ bá yí sínú: àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀ níta, pàápàá ti iwájú. Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ lára wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń pẹ́ jiná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi gbígbóná wọ́ ọ báyìí, á túbọ̀ wú ni. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Bí ìrora bá rọlẹ̀, ẹ máa fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró lẹ́bàá ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá 30; ẹni tó bá fo èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tètè ń tún rọ́.

Bí ẹ kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí títẹ ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ lọ ya àwòrán eegun nílé ìwòsàn kó tó di pé ẹnikẹ́ni fà á.