Fọ́tò Ẹ̀yọ̀ àtijọ́: èwo nínú wọn ni bàbá wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú àpótí màmá àgbà wa la ti rí fọ́tò dúdú-òun-funfun kan, Ẹ̀yọ̀ bíi mẹ́wàá ló tò síbẹ̀ ní ìgboro Èkó. Wọ́n ní bàbá bàbá wa wà láàárín wọn. Wọn ò kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Báwo la ṣe lè mọ èwo ni bàbá, àti ọdún tí wọ́n yà á?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò jù ú nù. Ojú bàbá lẹ ń wá, ṣùgbọ́n ìbòjú ti gba ojú Ẹ̀yọ̀. Ìga, ìyẹn ilé olóyè Èkó, tí bàbá bá jáde ni fọ́tò náà lè sọ fún yín, akẹtẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́. Agbádá funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀. Àwọ̀ àti àmì orí akẹtẹ̀ ló ń ya ìga kan sọ́tọ̀ sí òmíràn.

Àwọ̀ ọ̀hún ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nínú àwọn ọ̀wọ́ Ẹ̀yọ̀, akẹtẹ̀ Adímú dúdú, ti Lába pupa, ṣùgbọ́n fíìmù ayé ìjọ́un, pàápàá ṣáájú 1930, kì í sábà rí pupa: dúdú ló ń sọ ọ́ dà. Búlúù ní tirẹ̀ a máa funfun. Nítorí náà, àmì ni kí ẹ wá. Ẹ fi fóònù ya orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fà á fẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà ìga tí ìdílé yín bá tan mọ́.

Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn òǹwòran náà. Bí wọn ò bá wọ bàtà, kì í ṣe òṣì. Èèwọ̀ Ẹ̀yọ̀ ni bàtà, bíi irun ṣùkú àti sìgá. Olówó àti tálákà ló ń bọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí gan-an bí wọ́n bá kọ “àwọn aláìní Èkó” sábẹ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọdún, bí irin tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba ìgboro Èkó nígbà náà, bá wà nílẹ̀, kò lè ṣáájú 1902. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yọ̀ kì í jáde lọ́dọọdún. Ikú ọba, ìjòyè tàbí èèyàn ńlá ló sábà ń mú un jáde. Ẹ bi àwọn àgbà pé: ta ni wọ́n ṣe Ẹ̀yọ̀ yìí fún?

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sẹ́yìn fọ́tò, ní etí. Báírò máa ń là á já sójú. Bí kò bá sí ẹni tó lè tọ́ka sí bàbá, ẹ kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.