Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Orúkọ Fáìlì àti Àwọn Àmì Tó Ń Dá Wàhálà Sílẹ̀

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan jọ ń kó oríkì àwọn ìlú tí a gbà sílẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, a sì ń fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ubuntu, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ni kọ̀ǹpútà tèmi ń lò, Mac àtijọ́ ni tirẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé fáìlì méjì tí wọ́n ń jẹ́ «Oríkì Ọ̀fà» wà nínú fódà kan náà báyìí, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í gbà kí fáìlì méjì jẹ́ orúkọ kan. Bí mo bá sì tẹ orúkọ náà tẹ̀ lé àṣẹ ls, tó ń to orúkọ fáìlì jáde, ọ̀kan ṣoṣo ló ń jáde. Ṣé kí a kúkú yọ àmì kúrò lára gbogbo orúkọ ni? — Olùkọ́ kan, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ ọ́. Àmì yín kò ṣẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà kì í wo bí lẹ́tà ṣe rí, nọ́ńbà tí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún un ni ó ń kà, ọ̀nà tí a sì lè gbà fi nọ́ńbà kọ lẹ́tà kan náà ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́tà í lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, U+00ED. Ó sì lè jẹ́ i lásán, U+0069, tí àmì ohùn òkè, U+0301, wá tẹ̀ lé. Ojú wa kò lè fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì, ṣùgbọ́n Linux kà wọ́n sí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti Ọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ Ọ̀fà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Unicode kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún lẹ́tà tó gbé àmì abẹ́ àti àmì ohùn pọ̀. A lè kọ ọ́ ní Ọ (U+1ECC) kí àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) tẹ̀ lé e. A lè kọ ọ́ ní O lásán kí àmì abẹ́ (U+0323) àti àmì ohùn tò tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ tẹ Ò (U+00D2) kó tó fi àmì abẹ́ sí i ti mú ọ̀nà kẹta wá.

Unicode fúnra rẹ̀ ṣe ìlànà tó ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní NFC máa ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe; NFD máa ń tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. HFS+, ètò ìpamọ́ fáìlì tí Apple mú jáde ní 1998, a máa tú gbogbo orúkọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. APFS tó dé orí Mac ní 2017 kì í tú u mọ́, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni oríṣi méjèèjì. Ní ti Linux, bí orúkọ bá ṣe dé ni ó ń gbà á. Ó dà bí ẹni pé Mac ẹlẹgbẹ́ yín ló mú ọ̀kan wá, tí ẹ̀yin sì tẹ èkejì fúnra yín.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí fáìlì méjèèjì kí ẹ tẹ́tí sí wọn, nítorí kò dájú pé ohun kan náà ló wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà 2 sí ìparí orúkọ ọ̀kan, kí wọ́n má baà forí gbárí. Ẹ wá lo convmv, irinṣẹ́ Linux tó ń yí ọ̀nà tí a gbà kọ orúkọ fáìlì padà, báyìí: `convmv -r -f utf8 -t utf8 --nfc Oríkì`, bí ó bá jẹ́ pé Oríkì ni fódà yín ń jẹ́. Ohun tí ó fẹ́ ṣe nìkan ni yóò fi hàn yín, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ ó fi fi `--notest` kún àṣẹ náà. Mo fẹ́ràn irinṣẹ́ tó bá ń ṣe sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì fi odidi ìlà oríkì ṣe orúkọ fáìlì. Báìtì 255 ni orúkọ kan kò gbọdọ̀ kọjá lórí ext4, ètò ìpamọ́ fáìlì tí Ubuntu sábà máa ń lò, ọ̀ kan ṣoṣo sì ń jẹ márùn-ún nínú rẹ̀, nígbà tí o lásán ń jẹ ẹyọ kan.

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Mo fẹ́ da àkọsílẹ̀ ìpàdé láti orí kọ̀ǹpútà Linux sórí fílááṣì, ṣùgbọ́n ó kọ «Ìpàdé 10:30» àti «Ta ló sanwó?» sílẹ̀, ó sì gba ìyókù. — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ètò ìpamọ́ fáìlì FAT32 tàbí exFAT ni ọ̀pọ̀ fílááṣì ń lò, òfin Windows ni àwọn méjèèjì sì ń tẹ̀ lé nípa orúkọ. Àmì mẹ́sàn-án ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀: < > : " / \ | ? *. Linux kò kọ̀ ju / lọ nínú wọn, ìdí nìyí tí kò fi kìlọ̀ fún yín nígbà tí ẹ ń sọ fáìlì lórúkọ. Ẹ kọ aago náà ní 10.30, kí ẹ sì yọ àmì ìbéèrè kúrò. Windows kì í tún fẹ́ kí orúkọ parí pẹ̀lú àmì ìdánudúró tàbí àlàfo, bẹ́ẹ̀ ni kò gba CON, PRN, AUX àti NUL, tó ti jẹ́ orúkọ ohun èlò láti ayé DOS, ètò tó ṣáájú Windows.

Ìbéèrè: Wọ́n fi fáìlì ZIP ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo tú u, «Ìwé» ti di «├îw├⌐». Ṣé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni? — Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, orúkọ nìkan ni wọ́n ṣì kà, bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ pé. Nígbà tí ZIP bẹ̀rẹ̀, CP437, àtẹ lẹ́tà kọ̀ǹpútà IBM, ni ó fi ń kọ orúkọ. Ọdún 2006 ni wọ́n tó fi àmì kan kún ìlànà rẹ̀ tó ń sọ pé UTF-8, ọ̀nà tí a ń gbà fi báìtì kọ nọ́ńbà Unicode, ni wọ́n fi kọ orúkọ. Ẹni tó di fáìlì yín lo UTF-8 ṣùgbọ́n kò fi àmì náà síbẹ̀, ètò tó tú u sì ka báìtì méjì tó jẹ́ Ì sí lẹ́tà méjì nínú àtẹ àtijọ́ yẹn. Bí fáìlì kò bá pọ̀, ẹ tún orúkọ wọn kọ. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ ní kí olùfiránṣẹ́ fi ètò 7-Zip tún un dì ní oríṣi 7z, nítorí Unicode ni oríṣi yẹn fi ń pa orúkọ mọ́.