Ìbéèrè Yín: Ṣé Kòkòrò Ló Ń Jẹ Eyín Ọmọ-ọmọ Mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 5 ti ń sunkún eyín láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ihò dúdú kan sì wà nínú eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Aládùúgbò mi kan ní kòkòrò eyín ni, pé obìnrin kan wà lọ́jà tó ń yọ ọ́. Òmíràn ní kí n kán omi bátìrì sínú ihò náà. Bàbá ọmọ sì ní eyín tó máa ká ni, kí á fi í sílẹ̀. Orín àta ni èmi ń run láti kékeré, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí eyín mi pé. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá àgbà kan, Pàkátà, Ìlọrin.

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí omi bátìrì kan ẹnu ọmọ yìí rárá. Ásíìdì ni, á bó ètè, ahọ́n àti ẹran ìdí eyín, bí ọmọ bá sì ṣèèṣì gbé e mì, ó lè ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Ní ti kòkòrò, kò sí ìdin kankan tó ń rìn nínú eyín, ohun funfun tín-ín-rín tí wọ́n sì ń fi han àwọn òbí lọ́jà kò ti inú eyín wá. Àwọn tó ń ba eyín jẹ́ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, ẹnu gbogbo wa ni wọ́n sì ń gbé. Bí ọmọ bá jẹ nǹkan olóyin tàbí onísúgà, àwọn náà á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di omi kíkan tó ń yọ́ ara líle eyín fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí itọ́ tó borí rẹ̀ tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibi tó yọ́ ṣe. Ìdí nìyí tí iye ìgbà tí súgà ń wọ ẹnu lóòjọ́ fi burú ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ọmọ tó mu mínírà tán lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan ni eyín rẹ̀ jìyà. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé kúnú onísúgà inú ọ̀rá lọ́wọ́, tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, itọ́ rẹ̀ kò ráyè ṣiṣẹ́ kankan. Òru ló tún burú jù, nítorí itọ́ máa ń dínkù bí a bá sùn. Bí ọmọ yín bá ń mu ògì onísúgà sùn, ẹ dá a dúró láti òní. Omi lásán ni kí ó kẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ pé lóòótọ́ ni eyín náà máa ká, ṣùgbọ́n eyín iwájú ló ń ká ní ọmọ ọdún 6 tàbí 7. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé kì í sábà ká títí ọmọ á fi tó nǹkan bí ọdún 10 sí 12. Ṣé ọdún 5 ni ọmọ yóò fi máa gbé ìrora kiri, tí kò ní lè jẹun dáadáa, tí kò ní lè sùn? Eyín yìí náà ló ń tọ́jú àyè sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀. Ní ọmọ ọdún 6, eyín àgbà kan máa ń yọ lẹ́yìn gbogbo ìyókù, láìjẹ́ pé eyín kankan ká. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ti ọmọdé ni, wọ́n á sì jẹ́ kí ó jẹrà. Ìyẹn kò ní arọ́pò mọ́.

Orín yín dára, Màmá. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti fọwọ́ sí i láti àwọn ọdún 1980, yálà orín àta wa ni o, tàbí síwáàkì tí àwọn Àlhájì ń kó ti Mẹ́kà bọ̀, bí a bá run ún dáadáa dé ẹ̀yìn eyín. Ṣùgbọ́n ògì àti èso igi tí wọ́n fi tọ́ yín kì í ṣe bìsìkíìtì òde òní. Ẹ ra ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n kọ fluoride sí lára, nítorí òun ló ń mú kí ara eyín le sí i. Ẹ fi í fọ eyín ọmọ láàárọ̀ àti kí ó tó sùn, fún ìṣẹ́jú 2, kí ọṣẹ náà má ju hóró ẹ̀wà kan lọ; fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, hóró ìrẹsì kan ti tó. Kí ó tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kí ó má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí oògùn inú ọṣẹ lè dúró lára eyín. Ẹ̀yin ni kí ẹ di búrọ́ọ̀ṣì mú títí ọmọ á fi tó ọdún 7.

Lọ́sẹ̀ yìí náà, ẹ fa ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ tan iná fóònù sí i. Bí ẹ bá rí ìlà funfun bí ẹfun ní ìdí eyín yòókù, ìbẹ̀rẹ̀ ìjẹrà nìyẹn, ó sì ṣeé dá padà pẹ̀lú ọṣẹ tí mo sọ. Èyí tó ti dá ihò kò ṣeé dá padà nílé. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín; ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú.

Bí mo bá ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde nídìí rẹ̀, mo sì ti ń yẹra fún ibẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀fà.

Rárá, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí o máa fọ̀. Ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló mú kí ẹran ibẹ̀ wú tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ra búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, kí o fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kò bá dínkù, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí náà ti le bí òkúta, dókítà eyín nìkan ló sì lè bá ọ há a kúrò.