Kọ́bílà máńgòrò tí abẹ́ rẹ̀ ò jinná

Àǹtí mi, ẹ ní òkè kọ́bílà yín pọ́n dáadáa, àmọ́ bí ẹ ṣe ti ṣíbí bọ̀ ọ́, fùláwà tútù lẹ bá lábẹ́, omi sì ń ṣàn. (Kọ́bílà yìí ni èso tí wọ́n da fùláwà pípò lé lórí tí wọ́n sì yan, kì í ṣe ẹni tó ń rán bàtà o.) Ẹ má tíì bá óófùn jà. Èso tútù lẹ da fùláwà lé.

Òkè ni fùláwà yẹn ti ń jinná wá sísàlẹ̀. Tí èso abẹ́ rẹ̀ bá tutù, oje á ti mu fùláwà yó kí ooru tó dé ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ se èso náà.

Fún abọ́ onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ wá gíráàmù 900 máńgòrò tẹ́ ẹ ti bó tẹ́ ẹ sì ti gé, ṣúgà gíráàmù 60, oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan, iyọ̀ fínńfín. Máńgòrò tó pọ́n àmọ́ tó ṣì le díẹ̀ lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ ṣà ní ọjà Sábó. Èyí tó ní okùn tó ń há séyín, ẹ fún un mu. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná. Tó bá hó, ẹ fi omi tútù po kọnfúláwà ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ dà á sí i, kó tún hó fún ìṣẹ́jú kan, torí kọnfúláwà tí ò bá hó kì í ki dáadáa. Kọ́sítádì lè rọ́pò rẹ̀. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Á máa fà bí ilá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó lómi jù, ṣíbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sí tiẹ̀.

Fùláwà gíráàmù 200, ṣúgà 50, béékìn páúdà ṣíbí tíì méjì, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Bọ́tà gíráàmù 80 gbọ́dọ̀ ti dì bí òkúta nínú fìrísà, torí ooru Ìkòròdú yìí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ rún un kó tó yọ́. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ fi ń ha kárọ́ọ̀tì ha á sínú fùláwà. Bọ́tà tó bá yọ́ ṣáájú iná, gbagidi ni òkè máa le. Ẹ wá da mílíìkì tútù mìlílítà 120 sí i, ẹ rò ó kó kàn ṣù pọ̀; ẹ má pò ó bíi búrẹ́dì.

Béékìn páúdà ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí omi ti kàn án, nítorí náà kí óófùn ti gbóná dé 190°C, kí èso náà ṣì máa yọ èéfín. Ẹ da èso náà sínú abọ́, ẹ fi ṣíbí bu fùláwà pípò náà sórí rẹ̀ ní ṣíṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ fi àlàfo sílẹ̀ kí ooru omi ríbi jáde. Ìṣẹ́jú 40 sí 45. Kó hó láàárín, kì í ṣe létí nìkan. Ẹ má gbára lé igi ìtayín, oje á tàn yín jẹ; ẹ gbé ṣíṣù àárín, ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Ìkòkò oníyanrìn tẹ́ ẹ fi ń yan nǹkan dípò óófùn náà ṣe é, àmọ́ ẹ kó ẹyín iná sórí ìdérí irin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èso á jóná lábẹ́, òkè á funfun. Tẹ́ ẹ bá rí àgbọn Àgbádárìgì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn.

Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó ṣe ń tutù ni oje ń ki. Ẹni tó bá bù ú láti orí iná, omi ló máa bù.