Hilux àtijọ́ yẹn, ẹ má tíì gbé e ga

Ẹ kú oríire ọkọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé Hilux 1994 yín ga ní ínṣì 4, kẹ́ ẹ fi táyà ńlá ínṣì 35 sí i kó lè máa wọ igbó, ah, ẹ rọra ná! Ínṣì 2 àti táyà 31 ti tó, torí tó bá ga jù ó lè dojú dé níbi tí ọ̀nà bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà tó bá tóbi jù á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí hẹlẹ lórí òkè.

Ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré gbá chassis, ìyẹn férémù irin tó gbé ọkọ̀ ró, wò, ibi tí ò bá dún gan-gan ti dógùn-ún nìyẹn, wẹ́dà ló kàn.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ihò tí diff, ìyẹn àpótí jíà tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́, fi ń mí. Mo gbé tèmi wọ odò, omi ò ju ìdajì táyà lọ, ìgbà tí mo tú ọ́ìlì diff ó ti funfun bí ẹ̀kọ tí wọ́n da mílíìkì sí, torí diff tó gbóná tó bá já sómi tútù, ṣe ló máa ń fa omi mu. Rọ́bà gígùn ni mo fi fà á dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Winch, ẹ̀rọ tó ń fi okùn wáyà fa ọkọ̀ tó bá há, ìyẹn ṣì lè dúró.